Ọlọ́wọ̀, Lijadu àti Ikin Mẹ́rìndínlógún

Awuyewuye kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa onífá ní agbègbè Agbára, láti etí títì márosẹ̀ Badagry títí wọ Ọ̀tà, pé ṣé ó tọ́ kí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ kọ́ Ifá máa kọ́ ọ nínú ìwé. Ohun tí ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà gbóná ju bí ó ti yẹ lọ ni pé ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ń pín láàárín ara wọn, ajíhìnrere ni ó kọ ọ́. Mo rí ọ̀kan nínú wọn ní ẹnu ọ̀nà ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru, tí ó ká aṣọ iṣẹ́ sórí orúnkún, tí ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ lórí ìwé tí etí rẹ̀ ti gbó, tí ó ń pe ẹsẹ kan wúyẹ́wúyẹ́, tí ó sì ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tí ohùn bá ṣì í lẹ́nu. Àgbà awo kan tí ń kọjá lọ wò ó, ó pòṣé. Òṣé yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Emmanuel Moses Lijadu ni òǹkọ̀wé tí à ń wí, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí ní 1862, tí iṣẹ́ Ìjọ Áńgílíkà gbé dé Oǹdó, tí ó sì wá dá ẹgbẹ́ ajíhìnrere tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìfẹ́ ohùn ẹnu Yorùbá wà nínú egungun ọkùnrin náà, nítorí kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Ifá ni ó ti tẹ orin akéwì Aríbilósò jáde ní 1886, àròfọ̀ akéwì Ṣóbọ̀ Aróbíodu pàápàá kò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1902. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ oníwàásù ń ní kí àwọn ènìyàn kó ọ̀pẹ̀lẹ̀ wọn sínú iná, Lijadu ń tọ àwọn babaláwo lọ, ó ń jókòó tì wọ́n, ó ń bi wọ́n léèrè, ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀; èso rẹ̀ ni Ifá: Ìmọ́lẹ̀ Rẹ̀ tí Í Ṣe Ìpìlẹ̀ Ìsìn ní Ilẹ̀ Yorùbá, ti 1898, àti Ọ̀rúnmìlà, ti 1908. Kò fi ète rẹ̀ pamọ́: ó fẹ́ kí Yorùbá gba ọ̀nà ohun tí wọ́n ti mọ̀ dé ọ̀dọ̀ Jésù. Ó kú ní 1926, a sì tún ìwé méjèèjì tẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1972.

Àwọn tí kò fẹ́ rí ìwé rẹ̀ sójú ń bèèrè pé báwo ni a óò ṣe gba ọ̀rọ̀ Ifá lẹ́nu ẹni tí kò tẹ Ifá, tí kò sì foríbalẹ̀ fún un. Ìbéèrè àgbà ni, inú odù Ìwòrì Méjì ni mo sì gbé e lọ. Gbogbo wa mọ̀ bí Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, Akéréfinúṣọgbọ́n, ọkùnrin Òkè Ìgẹ̀tí, ti ń ṣọdún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ wá kí i, tí Alárá kí i ní àbọrú bọyè, tí àwọn tí ó tẹ̀ lé e náà kí i bẹ́ẹ̀, títí ó fi kan Ọlọ́wọ̀ àbíkẹ́yìn, tí ó nàró ṣánṣán, tí ó ní bí baba òun ti dé adé ni òun náà dé e, òun kò sì ní wólẹ̀. Ọ̀rúnmìlà bínú, ó gba ọ̀run lọ, ayé sì dàrú: òjò kọ̀, aboyún kò bí, oko kò so. Nígbà tí àwọn ọmọ tọ̀ ọ́ lọ láti bẹ̀ ẹ́ kí ó padà wálé, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní kí wọ́n la ọwọ́, ó sì kó ikin mẹ́rìndínlógún, èkùrọ́ tí a fi ń dá Ifá, lé wọn lọ́wọ́, pé ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ bi òun, kí wọ́n máa bi í lọ́wọ́ ikin náà.

Ọwọ́ Ọlọ́wọ̀ ni n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n ti kọ́ mi ní ìtàn náà, n kò gbọ́ ibi tí baba ti yọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ń kó ikin fún àwọn ọmọ. Ẹni tí àfojúdi rẹ̀ lé Ọ̀rúnmìlà kúrò láyé náà wà láàárín àwọn tí ohùn Ọ̀rúnmìlà ṣẹ́kù sí lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó bá foríbalẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí, ọjọ́ yẹn gan-an ni baba ìbá sọ ọ́. Baba awo kan dá mi lóhùn pé Ọlọ́wọ̀ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ṣe ìpẹ̀, ṣùgbọ́n Lijadu wá kùmọ̀ tí yóò fi lù wá ni. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, mo sì rò ó títí. Síbẹ̀, àwọn babaláwo tí Lijadu lọ bá kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n mọ̀ pé oníwàásù ni, wọ́n mọ ìwé tí ó mú dání, wọ́n sì la ẹnu, wọ́n pe Ifá fún un. Àwọn ni wọ́n fi ikin lé Ọlọ́wọ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ta ni àwa tí a kò tó wọn lọ́jọ́ orí àti nínú awo, tí a óò fi gba ohun tí wọ́n fúnni padà?

N kò gba gbogbo ohun tí Lijadu kọ. Ibi tí ó ti gbé Ọ̀rúnmìlà àti Jésù sórí òṣùwọ̀n, tirẹ̀ ni ó sọ, ẹni tí ó bá ń kà á kí ó ya ìwàásù sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn awo. Ṣùgbọ́n àádọ́rin ọdún gbáko ni ó wà láàárín ìwé ti 1898 àti Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tí Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, gbé jáde ní 1968, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà awo ni ó sì kú láàárín ìgbà náà tí ẹnì kankan kò kọ ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí UNESCO kéde Ifá ní 2005 pé ogún gbogbo ayé ni, tayọ̀tayọ̀ ni a fi gbà á. A kò rántí pé àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ wà lára ohun tí ó gbé orúkọ rẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìwé kò lè kọ́ni ní ìyẹ̀rẹ̀, kò lè fi ewé hàn, kò sì lè tẹ ẹnikẹ́ni ní Ifá. Ikin pàápàá kì í fọhùn bí kò bá sí ọwọ́ tí yóò pa á. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà awo Agbára àti Ọ̀tà, mo fi orúkọ Ọ̀rúnmìlà Àgbọnnìrègún bẹ̀ yín: bí ọ̀dọ́ kan bá mú ìwé Lijadu wá sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ má pòṣé sí i, ẹ fún un ní ẹní jókòó, ẹ jẹ́ kí ó ka èyí tí ó mọ̀ sí yín létí, kí ẹ sì pe èyí tí kò sí nínú ìwé fún un.