Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá àti Ìjà Ẹgbẹ́ Òṣèlú ní Libreville

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2016, nígbà tí wọ́n kéde ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, pé Ali Bongo, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, fi ìbò tí kò tó 6,000 borí Jean Ping nínú ìdìbò ààrẹ, àwọn tí inú ń bí dáná sun ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbófinró ya bo ibùdó Ping lóru, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Síbẹ̀, inú ilé kan náà ni àwọn olórí méjèèjì ti jáde, nítorí Ping ti jẹ́ mínísítà lábẹ́ Omar Bongo, bàbá Ali, ó sì ti bímọ pẹ̀lú Pascaline, ọmọbìnrin Omar. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí kò bá wọn tan ló fara gbá ìjà náà.

Odù Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá, ọ̀kan nínú 256 odù tí ìmọ̀ Ifá pín sí, tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀ràn yìí. Ẹsẹ kan nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe ìtàn tí babaláwo fi ń ṣàlàyé odù, sọ bí irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún, tí gbogbo wọn jẹ́ ọkùnrin, ṣe bá Ọ̀ṣun wá sáyé, tí wọ́n ń ṣètò ayé láìpè é sí ìpàdé. Òjò kọ̀, kò rọ̀, oògùn kò jẹ́, ẹbọ kò sì fín. Nígbà tí wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ó ní kí wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun gbà lórí pé bí oyún inú òun bá jẹ́ ọkùnrin, yóò máa bá wọn jókòó. Ọ̀ṣẹ́túrá ni ọmọ náà, òun ló sì ń gbé ẹbọ wọn dé ọ̀run.

Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Olódùmarè rán lọ bẹ̀bẹ̀, kò ní kí ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀ wá túúbá. Bákan náà, ohun tí Ọ̀ṣun gbà kì í ṣe oyè fún ara rẹ̀ nìkan, àyè tí ọmọ rẹ̀ yóò máa jókòó sí títí láé ni. Ní Gàbọ̀n, lẹ́yìn rògbòdìyàn ìbò ọdún 1993, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Paris lọ́dún 1994, Paul Mba Abessole tó ń ṣe olórí alátakò sì wá di olórí ìlú Libreville, lẹ́yìn náà ó di mínísítà. Ṣùgbọ́n ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbò ọdún 2009, nítorí olórí nìkan ni wọ́n fún ní àga.

Ẹnìkan lè sọ pé ìdájọ́ ni kí a lé ẹni tó ti rẹ́ni jẹ sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìjíròrò orílẹ̀-èdè tó wáyé ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, ṣe dábàá pé kí wọ́n dá PDG, ẹgbẹ́ Bongo, dúró fún ọdún mẹ́ta. Ifá kò fọwọ́ sí èyí: àwọn mẹ́rìndínlógún tó ṣẹ̀ rúbọ, wọ́n sì tẹríba, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lé wọn kúrò nínú ìpàdé. Kí arúfin jẹ́jọ́ ohun tó ṣe tọ́, àmọ́ pípa odindi ìhà kan tì ni ó ń bí ìjà mìíràn. Brice Oligui Nguema, olórí ológun tó gbàjọba náà, tí ìbò tó lé ní 90 nínú 100 gbé wọlé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ni ẹ̀kọ́ yìí kàn jù, nítorí ẹni tó ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ni Ifá ní kó kọ́kọ́ lọ bẹ̀bẹ̀.