Òtítọ́ Tí Ó Pé Ni Ẹ̀tọ́ Aláìsàn
Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀tá ilé ni jẹjẹrẹ ọpọlọ tí a ń pè ní glioblastoma: láti inú ara ẹni ni ó ti hù, nítorí náà àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dá a mọ̀. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn fa àwọn ọmọ ogun náà jáde lára aláìsàn 3, wọ́n kọ́ wọn kí wọ́n lè mọ àmì ọ̀tá, wọ́n sì dá wọn padà sínú orí. Ní 2024 wọ́n ròyìn pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ kókó náà dín kù gidigidi. Ṣùgbọ́n ó tún padà lára àwọn 2.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, bí ará Okokomaiko kan bá bi àwa tí a ń kàwé ní Ọjọ́ léèrè bóyá kí òun ta ilẹ̀ bàbá òun ní Ìbà nítorí ìwòsàn yìí, kí ni kí a wí? Àwọn kan ní kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú nínú. Èmi kò gbà. Ẹni tí ó ròyìn ìyanu náà, tí kò sọ pé àrùn padà, ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó ń bá a tà. Ẹni tí ó ní kò sí ìrètí rárá, òun náà purọ́. Ìdánwò ni, kò tíì di oògùn ọjà. Ẹ jẹ́ kí a sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kí ó fi ojú ara rẹ̀ yan ọ̀nà.