Ǹjẹ́ Ẹni Tí Kò Mọ Inú Ẹran Rẹ̀ Jẹ̀bi?

Ewúrẹ́ màmá àgbà kú ní ìdájí ọjọ́ kan nílé wa ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ikùn rẹ̀ wú bí ìlù, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Kí oòrùn tó yọ, gbogbo agboolé ti gbà pé ìyá ológì tó múlé tì wá ló fún un ní májèlé. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n rí i tó ń fi igi lé ewúrẹ́ náà kúrò nídìí àgbàdo tó sá. Wọ́n la ẹran náà láti wá májèlé. Àgbàdo kún inú ṣàkì rẹ̀ bámúbámú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí. Wọ́n sin ín. Ọdún mẹ́ta kọjá, màmá àti ìyá ológì kò kí ara wọn.

Nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ojú mi ti là. Àpò mẹ́rin ni ikùn ewúrẹ́ pín sí. Ṣàkì ló tóbi jù, apá òsì ló sì wà. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń gbé inú rẹ̀, àwọn ló ń bá a sọ koríko di oúnjẹ. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ibẹ̀ wá, ewúrẹ́ á gùnfẹ̀ rẹ̀ síta, á sì tún dá koríko padà sẹ́nu láti jẹ àpọ̀jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹran tí àgbàdo kò mọ́ lára bá ṣàdédé jẹ ẹ́ lájẹjù, inú ṣàkì á kan, àwọn kòkòrò tó wúlò á kú, ṣàkì á dákẹ́ iṣẹ́, ikùn á sì máa wú.

Ẹnìkan lè ní kí n fi màmá sílẹ̀, ta ló kọ́ wọn? Mo gbà, àmọ́ mi ò gbà tán. Ta ló mọ inú ẹran tó màmá? Ẹ̀dọ̀, fùkù, àbọ̀dí, ọlọ inú, wọ́n mọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n lè yọ òrónro láìjẹ́ kó bẹ́ sára ẹran. Orúkọ inú ìkòkò ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ tí ṣàkì ń ṣe nígbà tí ewúrẹ́ ṣì ń rìn, a kò bi ara wa rí. Ní 1761, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa màlúù nílẹ̀ Faransé, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Lyon láti kọ́ nípa ara ẹran àti àìsàn rẹ̀. Àwa, aládùúgbò la mú.

Nígbà tí a pa adìẹ níléèwé láti wo òkúta wẹ́wẹ́ tó fi ń lọ oúnjẹ nínú iwe rẹ̀, ọmọbìnrin kan sunkún. Mi ò bá a wí. Síbẹ̀, adìẹ mélòó la ti pa sọ́bẹ̀ tí a kò kọ́ nǹkan kan lára wọn?

Mo ṣàlàyé fún màmá. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ta ni yóò lọ sọ fún un?"

Mo ní ká jọ lọ. Wọ́n wọ bàtà wọn.