A Kì Í Ti Ojú Ogun Wẹ́ Ọfà

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò láàárín Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù, ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ á fi kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì hàn án, á ní kó máa lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, abiyamọ kan ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Àgbà ní a kì í ti ojú ogun wẹ́ ọfà. Ojú ogun gan-an la ti ń wẹ́ tiwa, ara èrò ẹ̀yìn la sì fi ń dán an wò.

Nígbà tí ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n tún fi 4 kún un ní oṣù Kẹsàn-án, Alímọ̀ṣọ́ tiwa kò sí nínú wọn. Ọ̀kadà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ohun tí yóò bá wa gbélé, ó yẹ ká kọ́ bí a ṣe ń gùn ún.

Nílẹ̀ òkèèrè, bíi Kyalami ní South Africa, wọ́n máa ń ṣí pápá eré-ìje sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi alùpùpù rẹ̀ kọ́ nǹkan. Kò sí kòtò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í bọ̀ wá pàdé ẹni. Ǹjẹ́ ó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́? Mo gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti lè ṣe àṣìṣe kan náà léraléra láìpa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ wo bíréèkì iwájú. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń bẹ̀rù rẹ̀, ti ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá fẹ́ dúró lójijì, ìwúwo á ya síwájú, táyà iwájú á di ilẹ̀ mú, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́, á sì máa yọ̀. Kí ìka méjì máa fún ti iwájú díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀kadà á fi dúró láìmì, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe etí. Ìgbà tí dánfó bá já wọ iwájú ẹni kọ́ là ń kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Pápá kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní omi òjò tó bo kòtò l'Ákọwọ́njọ, tàbí ọmọ iléèwé tó sáré jáde lẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá sì lọ síbẹ̀ láìsí olùkọ́, àléébù rẹ̀ ló ń fi dánra wò. Eré sísá lásán kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àṣẹ láìsí ẹ̀kọ́ náà kò tó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi dandan lé akoto dídé, àwọn kan dé igbá àti ike ọ̀dà. Ojú ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń wò, wọ́n gbàgbé orí ara wọn. Ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì mọ ibi tí irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ ń gbé èèyàn lọ.

Láti ọdún 1990 ni Ìlú Ọba ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ alùpùpù kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ọgbà kó tó bọ́ sí títì, kò sì gbọdọ̀ gbé èrò títí yóò fi yege ìdánwò. Àwọn tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀ ní gáréèjì wa lágbára láti ṣe irú rẹ̀. Pápá iléèwé máa ń ṣófo ní Sátidé. Kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀kan, kí wọ́n fi ògbólógbòó ọlọ́kadà méjì síbẹ̀, kí ẹni tí kò bá tíì mọ bíréèkì iwájú má sì rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà.