KÍ ILÉ BÀBÁ MÁ BÀA DI AHORO

Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Ọjọ́ Àjọ̀dún, láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

Ibi kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 32 àti 33, Mátíù 5:23-24, Lúùkù 12:13-15

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí, inú kíláàsì Bíbélì wa ni mo ti mú un. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ ọmọ bàbá kan náà tí wọn kì í kí ara wọn. Ká má purọ́ fún ara wa, ẹ̀yin ará. Nínú àwa tí a ń wọ aṣọ funfun, tí a ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé Olúwa, ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé bàtà nìkan ni a bọ́, a kò bọ́ ìbínú. A gbé e wọlé, a gbé e kúnlẹ̀, a sì tún gbé e padà sílé.

1. Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó DI ẸJỌ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeé kan, a ń kọ́ nípa Jákọ́bù àti Ísọ̀. Olùkọ́ wa bèèrè pé, "Nínú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ bẹ ẹnìkejì?" Ọkùnrin kan dìde, ó ní, "Tíṣà, bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ kó ìdajì ilé lọ fún ara rẹ̀ nìkan ńkọ́?" Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ẹlòmíràn ti dìde lápá kejì: "Èmi ló ń bá wí. Ẹ ní kó dárúkọ mi." Kíláàsì pa rọ́rọ́.

Àwọn méjèèjì ti fún mi láyè kí n kọ ọ́ síbí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ bàbá kan ni wọ́n, ìyá wọn ló yàtọ̀. Ìyáálé bí ọmọ kan ṣoṣo, òun ni ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó kejì bí mẹ́rin. Bàbá wọn fi ilé oníyàrá mẹ́jọ sílẹ̀ kó tó kú, kò sì kọ ìwé ìhágún. Ẹ̀gbọ́n ní ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in: ìdí méjì ló wà, yàrá mẹ́rin fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́rin ní ó di èèwọ̀, orí-ò-jorí ni: ẹni márùn-ún ni wọ́n, kí ẹnìkan má ṣe gba ohun tí ẹni mẹ́rin yóò jọ máa pín. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe wà. Páànù ń jò láàárín ilé, ògiri ẹ̀yìn ti ń lanu, kò sẹ́ni tó máa yọ owó tún un ṣe. Olúkúlùkù ní òun kò lè máa tún ilé onílé ṣe.

Èmi tí mo ń sàmì sí ìwé orúkọ kíláàsì mọ̀ pé ó pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń sá fún ara wọn. Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kan bá wá, èkejì kì í sí níbẹ̀. Òjò ló dá àwọn méjèèjì ró sínú ilé ìsìn lọ́jọ́ náà. Òjò yẹn, Ọlọ́run ló rán an.

2. ẸJỌ́ KÒ KAN ÒRÙLÉ

Ẹ má fojú kékeré wo irú ìjà yìí, nítorí òfin pàápàá mọ̀ ọ́n. Ní Èkó, bàbá kan nínú ìdílé Dáwódù kú ní 1940, ó fi ọmọ 9 sílẹ̀ láti ọwọ́ ìyàwó 4. Ìjà bí wọn yóò ṣe pín dúkìá rẹ̀ dé kóòtù. Ó ti kóòtù kan bọ́ sí òmíràn, títí ó fi dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Ìdájọ́ tó jáde ni pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ó sì ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè wo ọ̀rọ̀ náà kó ní kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín in.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Láti 1940 sí 1962, ọdún 22 ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí bàbá kú ti di géńdé kí wọ́n tó mọ bí wọn yóò ṣe pín ogún. Ọdún 22 tí ọmọ ìyá yóò máa wo ara wọn bí ọ̀tá!

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n inú kíláàsì wa kò sọ ohun tí kò sí. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà nínú òfin. Àwọn àbúrò náà kò ya wèrè, ohun tí wọ́n ń sọ ní ojú àánú nínú. Olùkọ́ wa kò sọ pé ẹnikẹ́ni ń purọ́. Ohun tó wí ni pé: "Ẹ̀tọ́ nìkan kò lè kan òrùlé. Ọwọ́ ọmọ bàbá ló ń kàn án." Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Kóòtù ìbílẹ̀ Mápó kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni òwe yẹn, kó lọ wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè náà, bóyá á rí ẹni méjì tó jọ wọ mọ́tò kan náà lọ sílé.

Irú ẹjọ́ yìí gan-an ni ọkùnrin kan gbé wá síwájú Jésù nínú Lúùkù 12. Ó ní kí Olúwa bá òun sọ fún arákùnrin òun kó pín ogún fún òun. Jésù kò gbà láti jẹ́ adájọ́ tàbí olùpín fún wọn. Kò sì sọ pé ọkùnrin náà kò lẹ́tọ̀ọ́. Ó lọ sí ìdí ọ̀rọ̀: ó ní kí gbogbo wọn ṣọ́ra fún ojúkòkòrò. Ẹ̀yin ará, ojúkòkòrò lè wà lọ́wọ́ ẹni tó gba ogún, ó sì lè wà lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò fún.

3. OHUN MẸ́TA TÍ A RÍ KỌ́ LỌ́DỌ̀ JÁKỌ́BÙ

Ìkíní: Ìjà àwọn ọmọ, lọ́dọ̀ òbí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ísáákì fẹ́ràn Ísọ̀, Rèbékà fẹ́ràn Jákọ́bù, Jẹ́nẹ́sísì 25:28. Ibi tí ògiri ti lanu nìyẹn. Rèbékà rán Jákọ́bù lọ sọ́dọ̀ Lábánì fún ọjọ́ díẹ̀, títí ìbínú Ísọ̀ yóò fi rọ̀. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn di 20 ọdún. Bíbélì kò sì sọ fún wa níbì kankan pé Rèbékà tún fojú kan ọmọ tó fẹ́ràn jù yẹn mọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ o. Ọmọ tí a bá fi ojúsàájú gbé ga, a lè pàdánù rẹ̀.

Ìkejì: Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀. Jákọ́bù kò rán "má bínú" lásán. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 32:14-15, ẹ ka ẹran tó kó ránṣẹ́: ewúrẹ́ àti òbúkọ 220, àgùntàn àti àgbò 220, abo ràkúnmí 30 pẹ̀lú ọmọ wọn, màlúù 50, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ 30. Ó lé ní 550 ẹran! Ó tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Bẹ́ẹ̀, ìbùkún tí bàbá rẹ̀ sú fún un ni pé àwọn arákùnrin rẹ̀ ni yóò máa tẹrí ba fún òun. Ẹni tí wọ́n ní kí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún, òun gan-an ló dọ̀bálẹ̀. Ìbùkún náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Halleluyah!

Ìkẹta: Ìlàjà kò ní kí a máa gbé inú yàrá kan náà. Ísọ̀ ní kí àwọn jọ máa lọ, ṣùgbọ́n Jákọ́bù lọ sí Súkótù, Ísọ̀ padà sí Séírì. Nígbà tó yá, ẹran ọ̀sìn wọn pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀ kan lè gbà lọ, Ísọ̀ sì ṣí lọ síbòmíràn láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ísáákì kú ní ẹni 180 ọdún, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ sin ín. Èyí ni ká fi mọ̀ pé ìjà parí: bí ọ̀ràn bá dé, ẹsẹ̀ méjèèjì pé.

Ẹ̀kọ́ ìkejì yìí ló wọ ẹ̀gbọ́n inú kíláàsì wa lára. Ó tẹ̀lé Mátíù 18: kò kó èèyàn lẹ́yìn, kò gbé ọ̀rọ̀ wá síwájú ìjọ. Òun nìkan ló lọ kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀ ní ìdájí. Ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ títí tí ó kù díẹ̀, wọ́n ní kí olùkọ́ àti èmi wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí òfin fún ní yàrá mẹ́rin gba mẹ́ta. Àwọn mẹ́rin gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣẹ́kù, yàrá tí Bàbá fúnra rẹ̀ ń gbé, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹbí, kí wọ́n máa pàdé níbẹ̀, kí wọ́n sì máa gbàdúrà níbẹ̀. Owó páànù, wọ́n dá a jọ.

N kò ní sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wọn obìnrin kò tíì tẹ̀ sí ilé náà, ó ní ohun tí wọ́n sọ sí ìyá òun nígbà ìjà ń dun òun síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sínú àdúrà.

4. NÍNÚ ILÉ ÀLÀDÚRÀ PẸ̀LÚ

Ẹ má jẹ́ ká rò pé inú agbo ilé nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ní Èkó, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ìwọ́de Corpus Christi àwọn Àgùdà, ó sì bọ́ sínú ìran. Mósè Orímọ́ládé Túnọláṣe ni wọ́n ránṣẹ́ pè láti gbàdúrà fún un. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Séráfù ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà. Wọ́n dà bí bàbá àti ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1929, wọ́n pínyà, ìpínyà sì ń bí ìpínyà. Bàbá Àlàdúrà sùn nínú Olúwa ní 1933. Ọdún 1986 ni a tó gba Captain Abíọ́dún gẹ́gẹ́ bí olórí Kérúbù àti Séráfù tó ṣe ìṣọ̀kan, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Òun náà lọ sinmi ní 1994.

Láti 1929 sí 1986, ọdún 57. Ọlọ́run ni a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìṣọ̀kan, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará mi, nígbà tí ìṣọ̀kan dé, Bàbá kò sí níbẹ̀ mọ́ láti nawọ́ sí ọmọ. Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún wa nìyẹn. Ìjà lè dúró de wa, ẹni tí à ń bá jà kò lè dúró.

Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ tó yàtọ̀ kò ní kí ẹbí túká. Ẹ wo ilé Akínyẹlé ní Ìbàdàn wa níbí. Alexander, tí wọ́n bí ní 1875, dúró sínú Ìjọ Áńgílíkà. Òun ló dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn ní 1952. Àbúrò rẹ̀, Isaac, tí wọ́n bí ní 1882, bá àwọn Àlàdúrà lọ, ó di Ààrẹ C.A.C., ó sì jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí ó fi wàjà ní 1964. Ọ̀nà ìjọsìn wọn di méjì, orúkọ bàbá wọn kò di méjì, Ìbàdàn sì jàǹfààní lára àwọn méjèèjì.

5. KÍ A TÓ GBÉ ỌRẸ ÀJỌ̀DÚN DÉ PẸPẸ

Olúwa wa sọ nínú Mátíù 5 ohun tí ẹni tó gbé ọrẹ wá gbọ́dọ̀ ṣe, bó bá rántí níbẹ̀ pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun. Kó fi ọrẹ sílẹ̀ ná, kó lọ parí ọ̀rọ̀, kó tó padà wá. Ẹ kíyè sí i, kò sọ pé bí ìwọ bá ní ohun kan sí i. Òun ló ní ohun kan sí ọ, síbẹ̀ ìwọ ni kó o lọ.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí ọdún yìí tó parí:

(a) Kí olúkúlùkù wa ronú ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹbí rẹ̀ tí wọn kì í kí ara wọn, kó sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, kó pè é lórí fóònù, kó má dúró de ìgbà ìsìnkú.

(b) Kó má lọ lọ́wọ́ òfo. Kó mọ ohun tí òun yóò fi sílẹ̀ nínú ẹ̀tọ́ òun.

(d) Kí ẹni tí wọ́n bá wá bẹ̀ má ka gbogbo àṣìṣe àtẹ̀yìnwá jáde bí ẹni ń ka ìwé owó. Ísọ̀ kò dárúkọ àsáró lẹ́ńtìlì. Ó sáré, ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, àwọn méjèèjì sì sunkún.

(e) Kí ẹ̀yin bàbá tí ẹ ṣì wà láyé kọ bí ẹ ṣe fẹ́ pín ilé yín sílẹ̀ nísisìyí, kí ẹ sì sọ ọ́ létí gbogbo ọmọ, kí ẹ má fi ìjà ṣe ogún fún wọn.

Ọlọ́run tó pàdé Jákọ́bù lójú ọ̀nà kó tó pàdé Ísọ̀ yóò pàdé wa. Ilé bàbá wa kò ní di ahoro. Ọmọ ìyá kò ní di ọ̀tá lójú wa. Ẹni tó yẹ ká bẹ̀, a ó bá a láàyè. Ẹni tó yẹ kó bẹ̀ wá, yóò bá wa láàyè. Bí a ti pé jọ lọ́dún yìí, kí á tún pé jọ lẹ́ẹ̀míràn, pẹ̀lú àwọn ará ilé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Lórúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín, Àmín, Àṣẹ.