Ọwọ́ A Máa Jẹ́rìí Inú

Bí ènìyàn bá yìnbọn pa ẹnì kejì, tó wá ní, "N kò mọ̀ọ́mọ̀," báwo ni adájọ́ yóò ṣe mọ òótọ́? Inú ènìyàn jìn. Kò ní fèrèsé tí a lè gbà yọjú wò ó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ a máa sọ ohun tí ẹnu bò mọ́lẹ̀.

Ẹ rántí ẹjọ́ Oscar Pistorius, sárésáré ará Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti kékeré. Ní February 14, 2013, nílé rẹ̀ ní Pretoria, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹrin gba ara ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n tì pa. Reeva Steenkamp, olólùfẹ́ rẹ̀, ló wà nínú rẹ̀. Ó sì kú. Pistorius ní olè ni òun rò pé ó wọlé, ẹ̀rù sì ba òun.

Ó dáa, ẹ̀rù lè ba ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ bó ṣe yìnbọn wò. Ọta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gba ara ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tó lọ sókè òrùlé. Mẹ́ta ba obìnrin náà: ní ìbàdí, ní apá, ní orí. Yàrá náà há gádígádí, kò síbi tí ẹni inú rẹ̀ lè yẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n bi í ní kóòtù pé kí ló dé tí kò yìn ín síbi ìwẹ̀ láti fi dẹ́rù ba olè náà, ó ní ọta lè ta padà kó ba òun. Ó mà ga o! Ẹni tó ráyè ro ti ara rẹ̀, ṣé kò ráyè ro ti ẹni ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni?

Ní 2014, adájọ́ àkọ́kọ́ ní àìṣọ́ra ló pa ènìyàn. Ní December 3, 2015, kóòtù ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní rárá, ìpànìyàn ni: ó mọ̀ pé ẹni yòówù tó wà níbẹ̀ lè kú, síbẹ̀ ó yìn ín. Ní 2017, wọ́n sọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ di ọdún 13 àti oṣù 5.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ìbáà ṣe olè, ìbáà ṣe olólùfẹ́, ìdájọ́ náà kò yí padà. Ẹ̀mí ni ẹ̀mí ń jẹ́. Àwa tí a ń pariwo "Olè!" láàárín ọjà, tí a sì ń wá táyà àti pẹtiróòlù kiri, ṣé a gbọ́? Lọ́jọ́ ẹjọ́, ẹnu lè sẹ́. Ọwọ́ kì í sẹ́.