Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ìlú Yè Nípa Ọtí?

Olùkọ́ kan nínú ìjọ wa ti kà nípa ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ireland tí ó ń kú lọ, tí ó sì sọjí nípa ọtí ṣíṣe. Ó bi wá léèrè bí ó bá tọ́ kí Kristẹni bá wọn yọ̀. A jẹ́wọ́ pé “Rárá” ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wádìí ọ̀ràn náà, a rí i pé a ti yára jù.

Drumshanbo ni orúkọ ìlú náà. Ó wà ní ẹkùn Leitrim, ní ẹsẹ̀ òkè kan tí orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn túmọ̀ sí Òkè Irin, lẹ́bàá adágún Lough Allen. Ní ọdún 1841 àwọn ènìyàn ẹkùn náà lé ní 155,000. Ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1845 pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì lé ọ̀pọ̀ kọjá òkun. Nígbà tí ìyàn sì ti tán, àwọn ọmọ kò dẹ́kun àti máa lọ, títí ó fi ku bí 25,000 ní 1996. Kí òǹkàwé wa dúró lórí iye yìí díẹ̀: níbi tí ènìyàn mẹ́fà ti ń gbé rí, ẹnìkan ni ó kù. Wọ́n ti ibi tí a ti ń wa èédú ilẹ̀ ní Arigna nítòsí wọn pa ní 1990. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe jáàmù nínú ìlú náà kógbá wọlé pẹ̀lú. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́.

Ní 2014 ni ọ̀gbẹ́ni PJ Rigney dá ilé ìpọntí sílẹ̀ níbẹ̀. Wísíkì wà nínú ohun tí ó fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí a pe ọtí ní wísíkì Ireland bí kò bá tíì sùn nínú àgbá onígi fún ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, jíìnì ni irú ilé iṣẹ́ titun bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ tà, nítorí jíìnì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tíì ilẹ̀ Ṣáínà kan wà nínú ti Drumshanbo, tí a ká róbótó-róbótó, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Etù Ìbọn. Orúkọ yìí ni wọ́n fi sọ ọtí náà. Ó sì yẹ ọtí líle ju bí ẹni tí ó sọ ọ́ ti rò lọ.

Àwọn kan yóò wí pé, “Bí àwọn kò bá ṣe é, ẹlòmíràn yóò ṣe é.” Àwa kò gba èyí rárá. Àwọn tí ń ra ẹrú ní etí òkun wa, tí wọ́n ń fi ọtí san owó rẹ̀, lè sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn mìíràn yóò rán wa létí ìgbéyàwó ní Kánà, òtítọ́ sì ni: ẹni tí ó sọ pé ọtí ṣíṣe fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ yóò bá Olúwa wa jà. Síbẹ̀ wòlíì Hábákúkù kéde ègbé fún ẹni tí ń fi ọtí fún aládùúgbò rẹ̀ mu títí yóò fi pa á. Níbo ni ààlà náà wà?

Àwa rò pé ojú ni ọ̀ràn náà dúró lé. Ẹlẹ́mu tí ń ta ẹmu lábẹ́ igi rí ẹni tí ń mu ún, ó rí i nígbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ó sì lè wí pé, “Baba, ẹ máa lọ sílé.” Ìgò kò ní ojú. Àwọn aṣòfin Ireland ṣe òfin méjì ní 2018 tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà: ọ̀kan fún àwọn ilé ìpọntí láyè láti ta ọtí fún àlejò tí ó wá wo iṣẹ́ wọn, èkejì fi ìjánu sí ọtí títà, nípa rẹ̀ ni a sì fi ṣòfin ní oṣù Kínní 2022 pé a kò gbọdọ̀ ta ọtí ní owó tí ó kéré ju iye kan lọ. Lójú tiwa, èyí tí a ń tà lẹ́nu ọ̀nà, lójú ẹni tí ó ṣe é, ni ó kéré ní ewu.

Ṣùgbọ́n ohun kékeré kì í fẹ́ wà ní kékeré. Arthur Guinness gba ilé ìpọntí kan ní Dublin ní 1759. Ní 1962 ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti dé Ìkẹjà. Jíìnì Drumshanbo náà ti kọjá òkun. Àwọn ará ìlú ń rí owó oṣù, wọ́n sì ń rí ọmọ tí kò lọ sí òkèèrè mọ́. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ fi owó ilé ìwé ọmọ ra irú ìgò bẹ́ẹ̀ ní ìlú mìíràn kì í ṣe ará Drumshanbo, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni. Bí olùkọ́ wa bá tún bi wá, a ó bá ìlú náà yọ̀ nítorí iṣẹ́. A kò lè bá a yọ̀ nítorí ìgò, títí a ó fi mọ ẹni tí ń ka ti obìnrin náà.